Ohun Tí Mo Rí Lọ́rùn Sàfíyà

Ní gbogbo Èkó, èmi nìkan ni mo máa ń rí ọrùn Sàfíyà. Lójúde, hìjáàbù rẹ̀ máa ń bò ó dé àyà. Níbi iṣẹ́ náà, bákan náà ni. Àfi tí a bá wọ yàrá wa ní Mushin, tí a ti ilẹ̀kùn, tó bọ́ hìjáàbù tó fi kọ́ ìṣó. Nítorí náà, nígbà tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í wú níbẹ̀, kò sí ẹlẹ́rìí mìíràn tí Ọlọ́run fi sí ìdí rẹ̀ ju èmi lọ. Mo rí i, mo sì dákẹ́.

Kétu ni wá, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni ìyá mi àti ìyá Sàfíyà, mo sì fi ọdún méjì jù ú lọ. Bàbá rẹ̀ ni áfà tó kọ́ àwa méjèèjì ní kéwú, láti ìgbà tí a ti ń pe álífù títí di ọjọ́ wòlíìmọ̀ wa. Mo lọ sí ilé-ìwé Faransé díẹ̀, ṣùgbọ́n ilé kéwú ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń gbé ayé. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa sùúrù àti ọpẹ́, níbẹ̀ ni mo ti bá a, mo sì ń dúpẹ́ rẹ̀ títí dòní. Àmọ́ áfà ò kọ́ wa ní ohun tí èèyàn ń ṣe tí àbúrò rẹ̀ bá ń gòkè, tí òun sì wà lójú kan. Bóyá ó kọ́ wa, kó jẹ́ pé èmi ni mi ò fetí sílẹ̀.

Mo ti rò pé Èkó ò ní jẹ́ ilẹ̀ àjèjì fún mi, torí èdè kan náà ni gbogbo wa ń sọ. Ọ̀sẹ̀ kan ò pé tí mo mọ̀ pé ara mi ni mo tàn. Yorùbá tiwọn ń sáré, Gẹ̀ẹ́sì sì ń bọ́ sí i lẹ́nu bí òkúta inú ìrẹsì. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá fẹ́ ṣe fáàrí, Faransé ni yóò sọ. Faransé tí mo gbọ́ ò wúlò fún mi ní Mushin ju kí n máa fi dá sọ̀rọ̀ lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí a dé, mo gbé garawa jáde, mo kí obìnrin kan tó ń fọ abọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo ni a ti ń pọnmi nínú ilé yìí?"

Ó gbójú sókè. "Ibo lo ti wá? Ò ń sọ̀rọ̀ bí ìyá àgbà."

"Kétu ni, mà."

"Kétu tó wà nítòsí Ojota yẹn? Àwọn yẹn kì í sọ̀rọ̀ báyìí."

"Rárá, mà. Kétu ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀."

"Ṣé o rí i. Ará Kútọnu ni ẹ́."

Bí mo ṣe di Kútọnu nìyẹn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, mi ò dé Kútọnu rí láyé mi. Mọ́sálásí àdúgbò nìkan ni kò bi mí léèrè ibi tí mo ti wá. Mo wọlé, mo dúró sí ìlà àwọn obìnrin, ẹni tó wà lápá ọ̀tún mi fà mí mọ́ra kí àlàfo má baà wà láàárín wa, a sì jọ forí kanlẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń retí ìgbà tí ẹnì kan yóò tún fà mí mọ́ra bẹ́ẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán aṣọ ilé-ìwé ní Ìlúpéjú ló gbà wá síṣẹ́. Orí ìlà ni a ti ń ṣiṣẹ́: ẹnì kan ń rán kọ́là, ẹnì kejì ń rán apá, ẹnì kẹta ń so wọ́n mọ́ ara aṣọ. Bí ọwọ́ tìrẹ bá falẹ̀, gbogbo ìlà á dúró máa wò ọ́. Kọ́là ni wọ́n fún èmi àti Sàfíyà. Ní ọdún àkọ́kọ́, èmi ni mo yára ju. Sàfíyà máa ń sùn lórí ẹ̀rọ, mo máa ń fi ẹsẹ̀ gbá a lábẹ́ tábìlì kó lè jí. Mo tún rántí ọjọ́ tí àlejò kan dá mi dúró ní Òjúwòyè pé kí n júwe ọ̀nà Ládipọ̀ fún òun. Mo júwe rẹ̀ láìṣìṣe. Mo rìn délé lọ́jọ́ náà bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Ọdún kẹta ni Sàfíyà yí padà.

Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Tí mo bá rán kọ́là mẹ́ta, á ti rán márùn-ún. Ó ń jẹun ìlọ́po méjì, ó ń di pẹ́lẹ́ńgẹ́ sí i. Èmi tí mò ń jẹ ìdajì, ìgbáròkó mi ń tóbi. Ó ń fi omi tútù wẹ̀ nínú ọyẹ́. Kí n tó jí kí ìrun Àsùbáà, á ti gbálẹ̀, á ti fọ aṣọ tirẹ̀ àti tèmi. Ojú rẹ̀ tóbi sí i, ó ń dán, débi pé àwọn obìnrin ibi iṣẹ́ ń bi í léèrè ohun tó ń lò.

"Mi ò lo nǹkan kan. Oore Ọlọ́run ni," ló máa ń wí.

Màdáàmù tó ni ilé-iṣẹ́ á dúró lẹ́yìn mi. "Kútọnu, ṣé o rí àbúrò ẹ? Ṣé kì í ṣe inú ìkòkò kan náà lẹ ti ń jẹun ni?"

Àwọn ará ìlà á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, torí ẹni tí kò bá rẹ́rìn-ín ti fi inú rẹ̀ hàn.

Lọ́jọ́ Àìkú, ìyá mi á pè láti ilé.

"Ìyá Sàfíyà sọ pé ọmọ òun fẹ́ di olórí ìlà níbi iṣẹ́ yín."

"Wọ́n ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Màámi."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Àlàáfíà ni mo wà, Màámi."

"Mi ò bi ọ́ léèrè àlàáfíà."

Ó wá dá mi lójú pé hàǹtú ló ń ràn án lọ́wọ́. Bàbá rẹ̀ máa ń fi tàdáà kọ ẹsẹ Àlùkùránì sára wàláà, á fi omi fọ̀ ọ́ sínú ìgò, á sì fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ ní Èkó. Orúkọ Sàfíyà nìkan ló máa ń wà lára ìgò náà. Bàbá tèmi ti kú. Ta ni yóò fọ wàláà fún mi? Bí Sàfíyà bá ti bọ́ sí balùwẹ̀, mo máa ń ṣí ìgò náà, mo máa ń mu ẹnu kan, kí n tó dé e padà. Mo tilẹ̀ máa ń ṣe bísímílà kí n tó mu omi olè. Oṣù méjì ni mo fi mu ún. Ọwọ́ mi ò yá. Ìgbáròkó mi nìkan ló ń gba àdúrà.

Kò pẹ́ sígbà náà tí Sàfíyà di olórí ìlà. Aṣọ aláwọ̀ búlúù ni olórí ìlà máa ń wọ̀ lé aṣọ, wọ́n sì gbé e fún un níwájú gbogbo wa. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó bọ́ hìjáàbù nínú yàrá, ó gbé kọ́ọ̀pù omi sẹ́nu, mo sì rí i. Bó ṣe ń gbé omi mì, nǹkan kan lọ sókè, ó tún wá sílẹ̀ níwájú ọ̀fun rẹ̀, ó fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Gẹ̀gẹ̀ là ń pe irú rẹ̀ nílé. Mo tún wo ọwọ́ tó fi di kọ́ọ̀pù mú. Ó ń gbọ̀n.

"Kí lẹ̀ ń wò, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Kò sí nǹkan kan. Mò ń wo bí inú ẹ ṣe dùn tó."

Mi ò fẹ́ kó kú. Ọlọ́run mọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kéré ju ìyẹn lọ, ìdí nìyẹn tí ó fi rọrùn fún mi láti gbé e sínú. Mo fẹ́ kí nǹkan kan fà á lọ́wọ́ sẹ́yìn díẹ̀. Lójoojúmọ́ mo ń sọ fún ara mi pé n ó sọ fún un lọ́la, lójoojúmọ́ mo ń wò ó bó ṣe ń wú. Tó bá sọ pé ooru ń mú òun, mo máa ń ní, "Èkó ni, ooru ò lè ṣe kó má mú ọ." Tó bá ní àyà òun ń já, mo máa ń ní ìdùnnú ipò tuntun ni. Ẹni tó wà nílẹ̀ àjèjì ò ní ìyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó máa wò ó lójú. Èmi ni mo wà nípò ìyá fún un, èmi náà ni mo sì ń fi ẹnu bo ohun tí ojú mi rí.

Ààwẹ̀ bá wa bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, a tẹ́ ẹní sẹ́yìn yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ sí, a ń kí ìrun Àlàásárì. Èjìká mi kan ti Sàfíyà. Mo ń gbọ́ ọkàn rẹ̀ láti ara èjìká náà, ó ń sáré bí ẹ̀rọ ìránṣọ tí ẹnì kan tẹ̀ mọ́lẹ̀ tí kò gbé ẹsẹ̀ kúrò. A forí kanlẹ̀. Gbogbo wa dìde. Sàfíyà ò dìde.

Mo rí i láti ẹ̀gbẹ́ ojú. Ó ti ọwọ́ nílẹ̀, ó gbìyànjú, itan rẹ̀ ò gbé e. Ó tún gbìyànjú. Mo ń ka Fátíà lọ, ẹnu mi ń ka á, ọkàn mi ń sọ fún mi pé a kì í já ìrun. Mo mọ̀ dájú nígbà náà pé kì í ṣe ìrun ni mò ń dáàbò bò. Áfà kọ́ wa pé èèyàn lè já ìrun láti gba ẹ̀mí là. Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré. Mo kàn ń fi Ọlọ́run ṣe ibi ìsápamọ́ ni.

Mo já ìrun mi. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi apá gbé e dìde, kò wúwo ju ìdì kọ́là kan lọ.

"Ẹsẹ̀ mi ò gbọ́ tèmi," ló sọ sí mi létí.

"Mo mọ̀. Ọ̀la la ó lọ sí ọsibítù."

Ní ọsibítù tí a lọ ní apá Yaba, dókítà náà jẹ́ obìnrin, ó dàgbà jù wá lọ díẹ̀. Ó ní kí Sàfíyà bọ́ hìjáàbù, ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ pẹ̀lẹ́, ó ní kó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó gbé ìwé pelebe kan lé wọn lórí. Ìwé náà ń gbọ̀n bí ewé. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí èsì jáde, a padà lọ.

"Ẹ̀yà ara kan wà lọ́rùn gbogbo èèyàn, ó rí bí labalábá," ni dókítà wí. "Ó máa ń tú oje kan sínú ẹ̀jẹ̀, họ́mónù là ń pè é. Họ́mónù yìí ló ń sọ bí ọkàn ṣe máa lù, bí ara ṣe máa gbóná, bí a ṣe máa yára lo oúnjẹ tí a jẹ. Ẹ̀yà náà ò dá ara rẹ̀ ṣe o. Ọ̀gá rẹ̀ wà lábẹ́ ọpọlọ, kò tóbi ju ẹyọ ẹ̀wà lọ. Ọ̀gá á ránṣẹ́ pé, 'Ṣe sí i.' Tó bá rí i pé èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ti tó, á dẹ ohùn sílẹ̀, tọrùn náà á rọra."

"Bí bọ́ọ̀lù inú táńkì omi," ni mo wí. "Tí omi bá kún, á gbé e sókè, á sì dí ẹnu páìpù."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an, mà. Ti àbúrò yín ni kò dí mọ́. Àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ tó yẹ kó máa bá àrùn jà ló ṣìnà. Wọ́n ń kan ilẹ̀kùn ọrùn rẹ̀ bí ẹni pé ọ̀gá ló rán wọn. Ẹ wo ìwé yìí. Ọ̀gá ti dákẹ́ tipẹ́, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí nǹkan kan tó ń sọ. Ọrùn ò mọ̀ ní tiẹ̀. Ó ń ṣe é lọ ni."

Sàfíyà ní, "Ṣé ìyẹn ni ọwọ́ mi ṣe ń yá?"

"Òun náà ni. Ara ẹ ń jó ara ẹ ni. Òun ló ń jẹ́ kó o rù, òun ni ò jẹ́ kó o sùn, òun ló ń jẹ iṣan itan ẹ."

Gbogbo ohun tí mo ti jowú rẹ̀, dókítà ń kà á jáde lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú ìwé àìsàn: ìbàdí tín-ín-rín, ojú tó ń dán, òwúrọ̀ tó máa ń ṣáájú mi jí. Mo ti bá àrùn du ipò.

Ó kọ oògùn tó máa dín oje náà kù àti òmíràn tó máa jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ rọ̀. Ó ní a ó máa padà wá fún àyẹ̀wò, torí tí oògùn bá pọ̀ jù, ara á tún falẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní kó dá ààwẹ̀ dúró ná.

"Áfà ni bàbá mi, mà," ni Sàfíyà wí.

"Ó dáa. Bi wọ́n léèrè ohun tí Ọlọ́run sọ nípa aláìsàn nínú ààwẹ̀. Onígbàgbọ́ ni mí, mo mọ ìyẹn."

Kí a tó dìde, mo bi í léèrè bóyá họ́mónù máa ń ṣìnà lójú ọ̀nà. Ó ní rárá, ó máa ń bá ẹ̀jẹ̀ kọjá lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé inú ara, àmọ́ ilé tó bá ní etí tirẹ̀ nìkan ló ń dá a lóhùn. Mo rántí ọdún àkọ́kọ́ mi ní Mushin, bí mo ṣe ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà àwọn èèyàn, tí ìkíni mi ò wọ ilé kankan. Sàfíyà nìkan ni ilé tó ń dáhùn nígbà náà.

"Ta ló kọ́kọ́ rí i?" ni dókítà béèrè.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni," Sàfíyà sọ. "Wọ́n já ìrun wọn nítorí mi."

"Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ká ní ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, ọkàn rẹ̀ ì bá ti bà jẹ́."

Mi ò lè gbé ìyìn yẹn dé ilé. Lórí bẹ́ńṣì tí a ti ń dúró de oògùn, mo ní, "Sàfíyà, ọjọ́ tí wọ́n fún ẹ láṣọ búlúù ni mo ti rí i."

"Kí lẹ rí?"

"Ọrùn ẹ. Àti ọwọ́ ẹ."

Ó ka iye oṣù tó ti kọjá lórí ìka. "Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Mò ń jowú ẹ ni. Mo fẹ́ kí nǹkan kan dá ẹ dúró díẹ̀, kó o lè dúró dè mí." Mo rí i pé mo ti ń tú àṣírí ara mi, mo ní kí n kúkú tú u tán. "Èmi náà ni mò ń mu hàǹtú ẹ."

"Ẹ̀yin ni? Mo ti ra oògùn eku."

"Eku wo ló ń dé ìgò padà?"

"Mo rò pé bí eku Èkó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Ẹ̀rín fẹ́ gbà á, kò jẹ́ kó jáde. Ó gba oògùn rẹ̀, ó rìn ṣáájú mi lọ. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, "ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi" àti "ó dàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi" nìkan ló ń bá mi sọ. Ó ń kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe yẹ. Ìkúnlẹ̀ yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Màdáàmù ní kó sinmi nílé. Ó gbé aṣọ búlúù náà fún mi, ó ní kí n wọ̀ ọ́ ná. Mi ò ní purọ́, inú mi dùn sí i. Mo dúró níwájú dígí balùwẹ̀ ilé-iṣẹ́, mo yí síhìn-ín, mo yí sọ́hùn-ún. Mo mọ ibi tó ti wá, inú mi ṣì dùn.

Nígbà tí ààwẹ̀ ń parí lọ, mo dé láti ibi iṣẹ́ lọ́sàn-án Sátidé, mo bá Sàfíyà lórí ẹní, ó sùn fọnfọn, ìtọ́ ń kán sórí ìrọ̀rí. Mo jókòó tì í títí ó fi jí.

"Mo sùn," ló wí, ìyanu hàn lójú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo sùn."

"Mo rí i. O sì han-run."

"Ẹ̀yin lẹ máa ń han-run." Ó dìde jókòó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó wò mí lójú láti ọjọ́ bẹ́ńṣì. "Ṣé ẹ mọ̀ pé èmi náà ń jowú yín? Gbogbo oṣù yẹn, ẹ ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ó ti parí. Èmi á jókòó, àyà mi á máa já, màá máa wò yín. Mo máa ń rò ó pé, kí ni obìnrin yìí ṣe fún Ọlọ́run tó fi fún un ní oorun báyìí? Ọjọ́ kan wà tí mo gbá yín nídìí, kẹ́ ẹ lè jí."

"Ìwọ ni? Mo rò pé àlá ni mo lá."

A rẹ́rìn-ín títí obìnrin yàrá kejì fi kan ògiri. Kò sọ pé òun ti dárí jì mí. Ó kàn sọ pé kí n lọ gbé omi kaná, kí òun bá mi pèsè ohun tí n ó fi ṣínu.

Lọ́jọ́ Ajé, Màdáàmù pè mí sí ọ́fíìsì.

"Kútọnu, jókòó. Ìwọ lò ń bá a gbé. Ara àbúrò ẹ ńkọ́? Sọ òótọ́ fún mi. Tí kò bá lè ṣe é mọ́, màá kúkú fi ìwọ síbẹ̀ pátápátá."

Inú ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ti gbọ́ ohun tí mo ti ń tọrọ láti ọdún kan. N ò níláti purọ́ rárá. Tí mo bá ní "Màdáàmù, ọwọ́ rẹ̀ ti falẹ̀," òótọ́ ni. Owú náà sì wà nínú mi síbẹ̀, ó gbóná, ó ń lù. Kò sí oògùn tí wọ́n kọ fún tèmi.

"Ara rẹ̀ ti ń yá, mà," ni mo wí. "Ó ti ń sùn. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n mọ́. Kò ní yára bíi ti tẹ́lẹ̀, àìsàn ló ń sá eré yẹn, àmọ́ ó mọ iṣẹ́, àwọn èèyàn sì ń gbọ́ tirẹ̀. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Ipò rẹ̀ ni."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Kọ́là ni tèmi, mà."

Mo bọ́ aṣọ búlúù náà, mo ká a dáadáa, mo gbé e sórí tábìlì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà korò lẹ́nu mi bí ewúro tí a ò fọ̀. Ó ṣì korò nígbà tí mo padà sídìí ẹ̀rọ, tí mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, tí mo fa kọ́là àkọ́kọ́ sábẹ́ abẹ́rẹ́.